Apárí Tí Fẹ́yìsetán Fẹ́

Orí ni Fẹ́yìsetán kọ́kọ́ rí. Orí pípá ni, ó ń dán yanran nínú oòrùn ní gáréèjì Ìlaròó. Ẹni tó ni ín kọ̀yìn sí i. Ọmọ tí wọ́n bí ire sì ni Fẹ́yìsetán, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán sà. Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ṣé ọkọ̀ Ayétòrò nìyí?"

Bàbá yíjú padà. Yéè! Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin ló rí, ojú jọ̀lọ̀ tí irùngbọ̀n ò tíì kún.

"Òun ni. Dìde jàre, wọ́n á ní èmi ni mo bí ẹ."

Ẹnu ya Fẹ́yìsetán débi pé ó gbàgbé láti dìde. Ìbítóyè lorúkọ ọkùnrin náà, oko ọsàn ló ní ní Ìmẹ̀kọ. Kí ọkọ̀ tó dé Ayétòrò, wọ́n ti gba nọ́ńbà ara wọn. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ọ̀kan ò lè jẹun kó má pe èkejì.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni Fẹ́yìsetán. Lọ́jọ́ kan, ó ń fọwọ́ pa orí olólùfẹ́ rẹ̀. "Ṣé o mọ ohun táwọn onímọ̀ ń rò? Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé láyé àtijọ́, àgbà ni wọ́n ń ka apárí sí. Wọn ò ní bá a jà, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀, obìnrin á gbà pé ó lè tọ́jú ọmọ. Àwọn míì ní oòrùn tó ń pa awọ orí ló ń ṣara lóore. Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú ṣá."

"Kí wọ́n wá bi mí. Torí kí ìwọ lè kúnlẹ̀ kí mi ni."

Ó gbá a lápá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ tí Fẹ́yìsetán mú un lọ sílé ni nǹkan dàrú. Màmá rẹ̀ sáré jáde, orí tó ń dán nìkan ló wò, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà, bàbá ọkọ. Ọmọ yín ńkọ́?"

"Màmá, èmi ni ọmọ náà."

"Kí ni? Mo gbé! Fẹ́yìsetán, ẹni tó jù mí lọ lo fẹ́ fẹ́? Láéláé! Ìgbà tí irun bá hù lórí ẹ̀ ni kó padà wá!"

Fẹ́yìsetán ṣàlàyé títí, pàbó ló já sí. Ìbítóyè dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pe Fẹ́yìsetán láti ọsibítù. Ìbítóyè ti gba Ìwòyè-Kétu sọdá bọ́dà, ó ra òògùn irun tí wọ́n kọ Faransé sí lára, ó sì fi kun orí. Nígbà tí Fẹ́yìsetán débẹ̀, orí náà ti wú, awọ rẹ̀ ti bó, agbára káká ni ojú rẹ̀ fi ń là. Ó figbe ta.

"Ìbítóyè! Ta ló ní kó o ṣe èyí?"

"Màmá ní kí irun hù. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má pàdánù ẹ."

"O ò gbọ́n o! Ṣé irun ni mo fẹ́? Bí kì í bá ṣe ìwọ, mi ò fẹ́ ẹnì kankan."

Fẹ́yìsetán ò mọ̀ pé màmá òun ti tẹ̀ lé òun wá, ó sì ń gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ka káàdì sókè: "Ìbítóyè, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

Màmá gbá àyà mú. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Áà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu mi pa ọmọ ọlọ́mọ." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìbítóyè fẹ́ bọ́ sílẹ̀ láti kí i. Màmá dìde, ó dì í mú.

"Ẹ má dìde, àna mi. Ọjọ́ wo làwọn òbí yín ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ?"

Fẹ́yìsetán ló bá Ìbítóyè dáhùn.

"Sátidé yìí ni, màmá!"