Ọkùnrin Tó Wá Tún Ilẹ̀kùn Ṣe

Alátáì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa rí ọrùn rẹ̀ lófo. Ọmọ káfíńtà ni. Pátákó tí bàbá rẹ̀ ń fá ló fi rán an níwèé títí ó fi dẹni ńlá. Ṣùgbọ́n bó ti dé àárín àwọn ọlọ́lá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láti pe bàbá ní bàbá.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà àti ìyàwó rẹ̀ wá jẹun nílé rẹ̀. Wọn ò tíì jókòó dáadáa nígbà tí bàbá arúgbó yà wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, àpò irinṣẹ́ léjìká, eruku igi lára aṣọ.

"Ta nìyí?" ni ọ̀gá àgbà béèrè.

Ahọ́n Alátáì kò tilẹ̀ kọsẹ̀. "Ẹ má dá wọn lóhùn, sà. Káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe ni."

Bàbá wò ó. Ó yọ òòlù, ó tún ilẹ̀kùn tó ti ń há látọjọ́ pípẹ́ ṣe, ó ní, "Ẹ kú ìgbádùn o," ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, irú ọmọ wo nìyẹn?

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ. Ọ̀gá àgbà kan náà ti ń jí ẹrù ilé iṣẹ́ tà. Nígbà tí àṣírí fẹ́ tú, ó nàka sí Alátáì níwájú gbogbo èèyàn.

"Èmi ò mọ̀ ọ́n dénú o. Ṣebí ọmọ káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe yẹn ni? Ojú wọn jọra. Kí lẹ retí?"

Àwọn tó ti jẹun nílé rẹ̀ ń wolẹ̀. Wọ́n lé e lọ lọ́sàn-án gangan. Iṣẹ́ tó bọ́ dùn ún, ṣùgbọ́n sísẹ́ tí wọ́n sẹ́ ẹ ló dùn ún wọra.

Dírẹ́bà ilé iṣẹ́ ló gbé e lọ sílé, onígbàgbọ́ tí Alátáì kì í dá lóhùn tẹ́lẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀ Jésù fún un.

"Wọ́n dalẹ̀ mi!" ni Alátáì ń wí, omijé ń bọ́. "Àwọn tí mo fi ṣe ara!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Jésù tí mò ń sìn yìí, káfíńtà lòun náà. Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ sẹ́ Ẹ. Síbẹ̀ kò tijú láti pè wá ní tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún Alátáì lọ́kàn. Nígbà tó wọlé, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ̀ tún ṣe. "Jésù, bí wọ́n ṣe ṣe mí ni mo ṣe bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe Ìwọ náà. Ṣàánú mi, gbà mí."

Láti ibẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku igi, tòun ti táì lọ́rùn.

Bàbá dá ayùn dúró. "Ilẹ̀kùn yẹn, ṣé kò há mọ́?"

"Kò há mọ́, bàbá mi."

"Ó dáa. Dìde, ọmọ mi."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta lo sẹ́ kí o lè bá àwọn ńlá jókòó? Àwọn tó gbé àga fún ọ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ lọ́la. Ṣùgbọ́n Jésù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ nísinsìnyí. Ronú pìwà dà. Má tún sọ pé o ò mọ̀ Ọ́n. Ṣílẹ̀kùn fún Un lónìí.