Ìpẹ̀kun Àga Tó Ń Gbóná

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé omi inú ìkòkò ń ta ènìyàn lọ́wọ́, síbẹ̀ ìpẹ̀kun kan lára àga gígùn tó wà níwájú ìsọ̀ Oumarou aránṣọ gbóná. Ó ń nu eruku orí àga náà ni ọwọ́ rẹ̀ kan ibẹ̀. Ó fọwọ́ kan àárín àga, ó tutù. Ó fọwọ́ kan ìpẹ̀kun tó kọjú sí ọ̀nà Savalou, ó tutù. Ó padà sí èyí tó kọjú sí ọ̀nà Djougou, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Èèpo ẹ̀pà yíyan wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ẹ̀kúnwọ́ kan. Oumarou gbá a dànù, ó ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ wo ló ń bó ẹ̀pà kó tó jẹ ẹ́? Ẹni tí kò bá tíì fẹ́ mọ nǹkan kì í bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Manigri ni Oumarou, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ará oko. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti fi ebè iṣu sílẹ̀ wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní Bassila, ó sì ka ara rẹ̀ sí ará ìlú pọ́ńbélé. Faransé ló ni Dahomey nígbà náà. Ogun ńlá àwọn Òyìnbó ti parí, ọkọ̀ akẹ́rù sì ti ń pọ̀ lójú ọ̀nà tí Kọ̀máńdà, Òyìnbó alákòóso, fipá mú tọmọdé tàgbà là. Kò sí sinimá ní Bassila, ṣùgbọ́n ará ìlú kì í ṣaláìní fàájì. Bí wọ́n bá ti kírun Aláásárì tán, Oumarou àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jókòó sórí àga náà, wọ́n á máa sọ ibi tí ọkọ̀ tó kàn yóò ti yọ, bóyá ní òkè, láti Djougou, tàbí ní ìsàlẹ̀, láti Savalou. Ẹni tó bá ṣì í ni yóò ra ẹ̀pà lọ́wọ́ Salamatou, tó ń fi yanrìn gbígbóná yan án ní òdìkejì ọ̀nà.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n máa ń ṣeré yìí. Oumarou ni èkínní. Alassane alápatà ni èkejì, ọmọ Bassila tó ń sọ èdè Anii nílé, tó sì fi ìnájà ẹran kọ́ èdè Yorùbá dé gongo. Babalọlá ni ẹ̀kẹta, ọmọ Manigri, tí òun àti Oumarou jọ dàgbà ní agboolé kan náà. Òun ló ni ìpẹ̀kun àga apá Djougou. Ẹ̀pà kì í tán lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà kì í sọ̀rọ̀ bí eré bá kàn án, òrùka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń kan àga. Bó bá kan án lẹ́ẹ̀kan, Djougou ló ń wí. Bó bá kan án lẹ́ẹ̀mejì, Savalou ni. Òun náà ló ṣòfin fún wọn pé ẹni tó bá ti sọ ọ̀nà kò gbọdọ̀ dìde títí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ìbá rán ni pè é nígbà mẹ́ta, kò ní mira.

Babalọlá yìí lọ ṣiṣẹ́ ní Parakou, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin parí sí. Ibà dè é mọ́lẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Àṣà kan wà ní ilé wọn ní Manigri. Bí ọmọ ilé bá kú sájò, wọn á gé èékánná àti irun rẹ̀, wọn á fi aṣọ funfun dì í, wọn á sì gbé e wá sin sílé. Bàbá Sànní, olórí agboolé, ló rán Oumarou lọ gbé e, nítorí òun ló mọ ọkọ̀ í wọ̀, tó sì gbọ́ Faransé díẹ̀. Bàbá náà fà á létí dáadáa kó tó lọ.

Ó ní, “Ẹnu rẹ ni ìwọ ó fi gbé e, kì í ṣe ọwọ́. Òkú ò mọ̀nà. Ẹ bá dé odò, sọ fún un. Ẹ bá dé oríta, sọ fún un. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó, sọ fún un. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde, sọ fún un.”

Oumarou sì ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Parakou ló ti ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ìdì aṣọ tó wà láyà rẹ̀: “Babalọlá, odò rè é, a ń sọdá. Babalọlá, oríta Djougou rè é, apá òsì la ó yà sí.” Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́, wọ́n mọ ohun tó gbé dání, wọ́n sì rọra sún fún un. Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé Bassila. Ó gbé ìdì náà lé ìpẹ̀kun àga, ní àyè olóhun, ó ní, “Babalọlá, a ti dé Bassila. Jókòó ká simi.”

Alassane wá bá a kẹ́dùn. Salamatou gbé ẹ̀pà wá, kò gbowó. Wọ́n jókòó, wọ́n ń sunkún díẹ̀díẹ̀. Bí ọkọ̀ kan ṣe hó lókèèrè báyìí, Alassane ò mọ ìgbà tó wí pé, “Savalou ni.” Oumarou ní, “Djougou ni.” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn kó tó di pé ojú tì wọ́n. Báyìí ni ọ̀sán ṣe lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Oumarou yóò fi gbójú sókè, oòrùn ti ń wọ̀. Ó já ìdì náà gbà lórí àga, ó fò sórí kẹ̀kẹ́, ó di Manigri. Wọ́n sin ín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọyẹ́ dé, tí ìpẹ̀kun àga bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Oumarou gbá èèpo ẹ̀pà yẹn, òun àti Alassane jókòó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Alassane ní Djougou. Oumarou náà ní Djougou. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ lórí igi àga, kó, kó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Kò sẹ́ni tó wo ẹnì kejì. Eruku sọ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ọkọ̀ pupa kan tó kó òwú yọ láti Savalou, ó sì kọjá lọ.

Alassane rọra sọ ọ́ pé, “Oumarou, ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

“Ta ni?”

“Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí wọn kò gbọ́ ọ, kò sì ṣì í rí. Nígbà ayé rẹ̀, Babalọlá a máa ṣì í dáadáa, òun ló ń ra ẹ̀pà jù láàárín wọn. Ní báyìí, á kan àga kí etí ènìyàn tó lè gbọ́ ọkọ̀ kankan, ọkọ̀ á sì gba ibi tó wí wá gẹ́lẹ́. Salamatou pàápàá á sọdá wá, á bu ẹ̀pà sí ìpẹ̀kun àga láìwo ibẹ̀, á sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó padà. Bí wọ́n bá tún wo ibẹ̀, èèpo ni wọ́n á bá. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Oumarou. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ẹ̀rù náà di ìyanu, ìyanu náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú tó padà wá jókòó tì í, tí yóò ní kó máa lọ?

Àfi bí Bàbá Sànní ṣe ránṣẹ́ pé ìyá Babalọlá ò jẹun mọ́.

Oumarou gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Manigri láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó bá ìyá náà lórí pèpéle lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ kan ṣoṣo ló dà bora nínú ọyẹ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti tín-ín-rín bí igi ìdáná.

“Ìyá, ẹ kúulé o. Wọ́n ní ẹ ò jẹun.”

“Oumarou, báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹun kí ọmọ mi wà lójú ọ̀nà?”

“Ìyá, ó ti délé. Èmi ni mo gbé e wá.”

Ìyá náà nawọ́ sí igun àgbàlá tí wọ́n sin ìdì náà sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti jìn wọlé bí ojú ẹni tí àìsàn ń ṣe. Wọ́n ń kó erùpẹ̀ sí i láràárọ̀, ó ń jìn lálaalẹ́.

Ìyá náà ní, “Ilẹ̀ ń wá a. Gbogbo òkú ilé yìí ló ń wá kí mi lójú oorun, bàbá rẹ̀, ìyá mi, gbogbo wọn. Wọ́n ní àwọn ò rí i. Tí mo bá kú báyìí, ta ni màá lọ bá?” Ó wo Oumarou lójú. “Ẹ jókòó níbì kan, àbí ẹ ò jókòó?”

“A jókòó, Ìyá. Ní Bassila.”

“Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ dìde, ṣé o sọ fún un?”

Oumarou rántí bí oòrùn ṣe ń wọ̀, bí òun ṣe já ìdì náà gbà bí ẹni já àpò, tí òun sì fò sórí kẹ̀kẹ́. Aṣọ funfun, irun àti èékánná ló gbé wá sílé. Ẹni tó ni wọ́n ṣì jókòó sí Bassila, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń retí kí wọ́n ní kó dìde.

Ó lè dákẹ́. Ó kúkú rò ó. Ó rò pé bí òun bá pe Babalọlá kúrò lórí àga náà, òun ò tún ní gbọ́ ìró òrùka yẹn mọ́ láyé, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Ó tún wo ọrùn ọwọ́ ìyá náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ má ti ilẹ̀kùn.”

Aláásárì kọjá díẹ̀ nígbà tó dé Bassila. Alassane ti wà lórí àga. Oumarou ò jókòó. Ó dúró níwájú ìpẹ̀kun tó ń gbóná, ó ṣí fìlà.

“Babalọlá, èmi ni mo ní kó o jókòó, mo sì gbàgbé láti ní kó o dìde. Má bínú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyá ń retí rẹ. Dìde, ká máa lọ.”

Lẹ́yìn náà, òrùka kan àga lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹkún gbọ̀n Alassane. Ó ní, “Ó ti sọ ọ̀nà. Kò ní dìde kí ọkọ̀ ó tó kọjá. O mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n dúró dè é. Salamatou náà dìde nídìí yanrìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ sáyà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti Djougou, ó kó iṣu kún dẹ́nu, ó kọjá lára wọn, eruku rẹ̀ bò wọ́n. Bí eruku ti rọlẹ̀, àga náà dún gììrì, ìpẹ̀kun rẹ̀ sì sọ sókè bí ìgbà tí ẹni tó wúwo bá dìde.

Oumarou gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹlẹ̀, táyà tẹ́ mọ́ ilẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó ń wà á lọ, òógùn bò ó nínú ọyẹ́, òórùn ẹ̀pà yíyan ń fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá: “Babalọlá, a ti jáde ní Bassila. Babalọlá, odò rè é. Igi igbá tá a ti já bọ́ nígbà èwe wa rè é. Ó kù díẹ̀.” Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnu òun simi.

Ẹnu ọ̀nà ilé náà ló ti bọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Babalọlá, ilé rè é. Sọ̀ kalẹ̀.” Kẹ̀kẹ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

Ìyá náà ti gbójú sókè. “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú ìrìn o.”

Ó sún lórí pèpéle, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gúnyán wá fún òun. Ó jẹ ẹ́ tán níṣojú gbogbo ilé, Bàbá Sànní ń dúpẹ́, àwọn obìnrin ń sunkún ayọ̀. Ní igun àgbàlá, ilẹ̀ ibi tí wọ́n sin ìdì náà sí ti kún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sẹ́ni tó kó erùpẹ̀ sí i.

Nígbà tí Oumarou fẹ́ máa lọ, ìyá náà fà á lọ́wọ́ mọ́ra, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ó ní kó o máa lọ. Ó ní òun ó jókòó tì mí títí ọkọ̀ tèmi ó fi dé.”

Oumarou ní, “Ìyá, apá ibo ló ní yóò gbà wá?”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Lórí pèpéle, ní àyè tó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òrùka kan ilẹ̀, kó, kó, kó. Djougou ni ẹ̀ẹ̀kan. Savalou ni ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀nà tí ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́ fún Oumarou rí.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó ń padà lọ. Kò tíì jìnnà sí Manigri tó fi gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá, kì í ṣe níwájú, kì í ṣe lẹ́yìn, inú igbó ló ti ń bọ̀, níbi tí kò sí ọ̀nà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ wọ inú koríko, ó sì ṣí fìlà. Koríko tẹ̀, atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fẹ́ lù ú lójú, eruku dìde, ó sì dá ọ̀nà kọjá sí apá Manigri. Oumarou ò rí ọkọ̀ kankan. Ó dúró síbẹ̀ títí ìró náà fi dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Alassane bá a nídìí ẹ̀rọ, aṣọ funfun lọ salalu lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bi í pé ta ló ni ín, Oumarou kàn ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ìpẹ̀kun àga ti tutù bí ibi yòókù. Ó ń rán ìṣẹ́tí aṣọ náà lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan láti Manigri dé, tó so aṣọ mọ́ ìdí bí ẹni tó gbé ìròyìn òkú. Kí ọkùnrin náà tó la ẹnu, Oumarou já òwú, ó ká aṣọ náà, ó sì nà án sí i.

Ó ní, “Gbà. Ẹ fi wọ̀ ọ́. Mo yà fún ọkọ̀ rẹ̀ lánàá.”