Pẹ́pẹ́yẹ Olójú Pupa

"Mi ò gbà, mà!"

Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin náà fi máa ń dá gbogbo èèyàn lóhùn nìyẹn, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Mi-ò-gbà. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń kan wáyà mọ́ igi láti fi ṣe ilé ẹyẹ, nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì yọ orí láti òdìkejì ògiri. Iṣẹ́ òru ni obìnrin náà ń ṣe nílé ìwòsàn, ojúmọ́ ló fi ń sùn, fèrèsé yàrá rẹ̀ sì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé náà gan-an.

"Kí lo ò gbà? Mo ní ẹyẹ kankan ò gbọdọ̀ ké níbẹ̀ yẹn. Bí mi ò bá sùn lọ́sàn-án, ojú wo ni mo fẹ́ fi tọ́jú aláìsàn lóru?"

"Ẹ máa sùn, mà. Ẹ kàn rò pé gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ló ń pariwo ni. Irú èyí tí mo fẹ́ rà kì í ké. Tínú bá bí i, ṣe ló máa ń mí fìì bí ẹni tó ń fẹ́ná. Ká sọ tòótọ́, mà, bí ẹ ṣe ń hanrun ju ohùn tiwọn lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ìyá Mi-ò-gbà nínú ilé, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Aránṣọ ni, ó sì jáde tòun ti téèpù lọ́rùn. Kì í ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó ti rí ohun tójú àwọn tó ṣe é rí. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń wí pé dókítà ẹran ọ̀sìn lòun máa dà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ògiri, ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo dúró fún un. Ọjọ́ tí ariwo wọn bá jí yín, ọjọ́ náà ni wọ́n máa kúrò."

"Kẹ́ ẹ tún pa wọ́n jẹ!" ni Mi-ò-gbà fi kún un. Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n inú ọmọ náà ti dùn ju kó rántí ìyẹn lọ.

Ọwọ́ obìnrin kan tó ń sin ẹyẹ létí odò ló ti rà wọ́n, akọ kan, abo méjì. Wọ́n tóbi, wọ́n wúwo, ẹran pupa ṣù bo ojú wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀rù ènìyàn. Akọ wọn á rọra wá gorí ẹsẹ̀ Mi-ò-gbà, á máa ju ìrù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ajá. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn wọn. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń sùn, Mi-ò-gbà sì ń yan kiri bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Àfi ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sísí Fótò ya àwòrán wọn, tó sì fi han gbogbo kíláàsì.

"Ẹ wo ojú wọn! Ṣé oyin ló ta wọ́n ni?"

"Wọ́n kúkú jọ ẹni tó ni wọ́n!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń bá àgbà jiyàn lórí ògiri, ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ wa nìyẹn: ó rọrùn fún wa láti ko àgbàlagbà lójú ju ká ko ẹgbẹ́ wa lójú lọ.

"Lọ mú àwọn funfun kéékèèké tó wà létí odò yẹn," ni Sísí Fótò gbà á nímọ̀ràn. "Ìyẹn ló ṣeé yà ní fótò."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ọ̀nà odò pọ̀n, ó sì ṣa pẹ́pẹ́yẹ funfun méjì. Obìnrin tó ń sin ẹyẹ kìlọ̀ fún un. "Ọmọ mi, abo ni méjèèjì yìí, abo wọn ló sì máa ń figbe bọnu. Tó o bá ní aládùúgbò, fi wọ́n sílẹ̀."

"Ẹ wo bí ọ̀fun wọn ṣe kéré tó, mà. Ariwo wo ló lè tibẹ̀ jáde? Mi ò gbà." Ó gbé wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ilé.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ké. Ó fi àpò bò wọ́n, igbe gba abẹ́ àpò jáde. Ológbò kọjá, wọ́n ké. Ewé já bọ́, wọ́n tún ké. Lódìkejì ògiri, fèrèsé pa dé gbàgà.

"Ibi tuntun ló ń ṣe wọ́n, màámi. Ó máa tó mọ́ wọn lára." Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Nọ́ọ̀sì wọlé tọ̀ wọ́n wá. Kò pariwo. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì wo Mi-ò-gbà rárá. Ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Ìyá Aránṣọ, lóru àná, oògùn ẹlòmíì ni mo gbé fún ọmọ kékeré kan. Nọ́ọ̀sì tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ló tètè gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní ẹ dúró fún un."

"Mo dúró fún un." Ìyá náà sọ téèpù kalẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn. Àwọn funfun sá. Akọ olójú pupa ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, nítorí òun ló rìn wá bá a.

"Mi ò gbà!" Mi-ò-gbà bẹ́ sáàárín wọn. "Àwọn yìí kọ́, màámi! Àwọn funfun ni!"

"Ta ló mú àwọn funfun wá?"

"Èmi ni." Omijé dà lójú rẹ̀. "Wọ́n fi àwọn yìí ṣe mí lẹ́sín nílé ìwé, ojú sì tì mí."

"Ojú tì ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ. Èmi tí mo dúró fún ẹ ńkọ́? Níbo ni kémi gbójú mi sí?"

Mi-ò-gbà lọ gbé apẹ̀rẹ̀ jáde. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní òun kò pa ẹyẹ ẹnikẹ́ni jẹ o, kí wọ́n ṣáà kó gbogbo wọn lọ.

Bí Mi-ò-gbà ti ń fi ọmọlanke ti apẹ̀rẹ̀ wọn lọ sétí odò, ó pàdé Sísí Fótò àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Sísí Fótò na fóònù. "Dúró, jẹ́ n ya àwọn funfun. Fi àwọn tí oyin ta yẹn pamọ́!"

"Mi ò gbà," ni ọmọbìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. "Tó o bá máa yà, àwọn olójú pupa yìí ni kó o yà. Wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo torí ẹ̀rín yín lé wọn nílé." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, Sísí Fótò sì rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Obìnrin etí odò gbà láti bá a tọ́jú àwọn olójú pupa fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì gba ìsinmi, Mi-ò-gbà lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Mo jẹ̀bi yín, mà, mo sì jẹ̀bi ìyá mi. Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n pé àwọn olójú pupa náà jẹ̀bi, mi ò gbà. Ẹ bá mi lọ, kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ọmọ yìí, orí ẹ le ju òkúta lọ!" Ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún padà wá, títí obìnrin náà fi wọ bàtà, ó ní kóun ṣáà lè sinmi lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn funfun ti bá àgbẹ̀ kan lọ sóko tí kò sílé nítòsí. Ìyá Nọ́ọ̀sì jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ká apá mọ́yà, ó ń retí ariwo. Àwọn olójú pupa ń jẹ koríko lọ ní tiwọn. Akọ wọn wá, ó gorí ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó ń ju ìrù. Nígbà tí Mi-ò-gbà fi máa yíjú padà, àgbà ti sùn lọ. Ó ń hanrun dé ibi pé akọ pẹ́pẹ́yẹ náà gbé orí sókè, ó ń wo ibi tí ariwo ti ń wá.

Bó ti jí, ó nu ojú rẹ̀. "Lọ gbé apẹ̀rẹ̀ wá, ká kó wọn padà sílé," ló wí.

Nílé, ìyá Mi-ò-gbà fa ọmọ rẹ̀ létí. "Èmi ò dúró fún ẹ mọ́ o."

"Kẹ́ ẹ má dúró, màámi. Ìwà wọn á dúró fún wọn. Tèmi náà á dúró fún mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, agídí nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yìí. Ó lò ó fún ẹni tó ń kìlọ̀ fún un, kò sì rí i lò níwájú àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín. Ẹyẹ tó bá fara wé igún, ẹ̀yìn ààrò ní í sùn, ẹni tó bá sì torí ẹ̀rín ẹgbẹ́ sọ ohun rere nù, ẹni tó dúró fún un ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Mi-ò-gbà ṣì ni wọ́n ń pè é dòní. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ jù báyìí.