Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Natia ní Białystok

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré!"

Bí Tíṣà Wierzbicka ṣe sọ bẹ́ẹ̀, kíláàsì dà rú bí ilé oyin tí wọ́n sọ òkò lù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn: láàárín èdè Pólàńdì àti Ẹsiperáńtò, èdè tí ẹnì kan jókòó ṣẹ̀dá kí gbogbo ayé lè máa fi bára wọn sọ̀rọ̀, èwo ló ń tètè yá mọ́ àlejò lẹ́nu? Ó dára, ìdíje ni yóò yanjú rẹ̀. Natia àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Lewan, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀lé òbí wọn dé Białystok, ní Pólàńdì, láti orílẹ̀-èdè Jọ́jíà ni, wọn kò sì gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Gniewko, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì, yóò kọ́ Lewan ní èdè Pólàńdì. Kalina, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, yóò kọ́ Natia ní Ẹsiperáńtò. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ dáadáa jù ní gbàgede ìlú ni yóò lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Gdańsk, létí òkun.

Kalina kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Ó fò sókè. "Gniewko, o ti gbé! Èdè wa yìí, tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ń pààrọ̀ ìrù ju alángbá lọ? Orúkọ mi nìkan, bí ẹ bá ń pè mí, ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá ń fún mi ní nǹkan, ọ̀tọ̀. Ẹsiperáńtò ńkọ́? Èmi ni mò ń jẹun o, ìwọ lò ń jẹun o, gbogbo ìlú ló ń jẹun o, ìrù kan náà ni!"

"Ẹnu ẹ dùn," ni Gniewko fèsì. "Ṣebí ìlú yìí kan náà ni ẹni tó ṣẹ̀dá ẹ̀ gbé dàgbà. Kí ló dé tí ìyá ẹ fi ń fi Pólàńdì bá ẹ wí?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, iná ń jó! Natia ń gbá ọ̀rọ̀ mú bí ẹní gbá bọ́ọ̀lù mú. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọ̀rẹ́ Kalina gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. "Adágún Dojlidy ti gbóná tó láti lúwẹ̀ẹ́, ọmọ yìí! Àbí tíṣà ni ká máa pè ẹ́ báyìí?"

Kalina wo Natia, ó wo kẹ̀kẹ́. Ohun tó rọrùn tó báyìí, kí lèèyàn ń para ẹ̀ lé lórí? Ó mọ ìbéèrè mẹ́wàá tí Tíṣà Wierzbicka fẹ́ràn. Ó kọ ìdáhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú ìwé, ó gbé e fún Natia. Ọmọ náà fọwọ́ kan ìwé, ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ń béèrè ìtumọ̀. "Ṣáà há a sórí," ni Kalina wí, ó sì bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́.

Gniewko ní tirẹ̀ mọ̀ pé òkè ni òun fẹ́ gùn. Ilé ìdáná ìyá-ìyá rẹ̀ ló ń mú Lewan lọ. Wọn a rin pòtétò, wọn a ti babka, àkàrà pòtétò, bọ ààrò. Bí Lewan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, màmá arúgbó a fi ṣíbí gbá ìkòkò, gbà-ǹ! Wọn a rẹ́rìn-ín, ó di kó tún un sọ.

Ọjọ́ pé. Èrò kún gbàgede bámúbámú. Lewan ló kọ́kọ́ bọ́ síta. Èdè rẹ̀ ń tiro, ìrù ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ bí babka ṣe jó òun láhọ́n tí òun fi mu omi ìfọwọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú.

Ó kan Natia. Ìbéèrè kìíní, ó dáhùn wàrà. Ìkẹta, ìkeje, ìkẹwàá, bí omi! Àtẹ́wọ́ sọ lala. Kalina ń fò, etí rẹ̀ ti ń gbọ́ ìró òkun.

Àfi bí màmá arúgbó kan ṣe já wọ inú agbo. Ilona ni, ará Họ́ńgárì, tó gbọ́ Ẹsiperáńtò láti kékeré. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Natia, ó sì fi èdè náà bi í pé: "Ọmọ mi, oúnjẹ ilé yín wo ló ń wù ọ́ jẹ?"

Natia yíjú padà. Ó wo Kalina. Ó ní: "Orúkọ mi ni Natia. Mo fẹ́ràn ìlú yìí."

Màmá tún béèrè. "Mo ní àbúrò kan," ni Natia wí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, èkejì gbè é. Omi lé ròrò lójú ọmọ náà.

"Kalina, kí ló dé?" ni tíṣà béèrè.

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀: àyà ló ń já a, mà. Irọ́ kan ṣoṣo, Gdańsk ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú Natia kò kúrò lára rẹ̀.

"Mi ò kọ́ ọ, mà," ni Kalina wí. "Mo ní kó há a sórí ni. Adágún ni mò ń lọ."

Tíṣà na ọwọ́ Gniewko sókè. Ó tán.

Natia kò jẹ́ kó tán. Ó bú sí èdè Jọ́jíà, ọ̀rọ̀ ń dà bí òjò. Lewan bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Pólàńdì onítirotiro: "Ẹ̀gbọ́n mi ní... ìwọ burú! Ìwọ jókòó! Ìwọ kọ́ mi, ìsinsìnyí! Màmá bi mí ní ọ̀rọ̀, èmi fẹ́ dáhùn!"

Kalina jókòó sórí òkúta níbẹ̀. Ó fọwọ́ ṣe jíjẹ, ó sọ ọ́ ní Ẹsiperáńtò. Bí Lewan ṣe ń túmọ̀ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ wí, ó ya àwòrán búrẹ́dì, ó ya wàràkàṣì, ó ya ìyá arúgbó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé. Wákàtí kan kò pé tí Natia dìde, tó fi orí ara rẹ̀ to ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún un: "Màmá, mo jẹ búrẹ́dì. Wàràkàṣì wà nínú. Ìyá-ìyá mi ń yan án."

Ilona ké, ó gbá a mọ́ra, ó gbé e yípo! Lewan ń jó, Gniewko ń súfèé, àtẹ́wọ́ ti àkọ́kọ́ kò tó ìdajì èyí.

Kalina kò rí òkun lọ́dún yẹn o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tó rí: Pólàńdì le lóòótọ́, Ẹsiperáńtò sì rọrùn lóòótọ́, síbẹ̀ èyí tó le wọlé fún ẹni tí wọ́n jókòó tì, èyí tó rọrùn sì kọ̀ fún ẹni tí wọ́n pa tì. Ẹ má ṣe fi ìrọ̀rùn iṣẹ́ ṣe ọ̀lẹ. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹ jókòó, kí ẹ tún un ṣe.