Ikọ́ Tí Kò Ṣe Ganiat

"Yí padà, jẹ́ ká rí ẹ̀yìn rẹ̀!"

Ganiat yí padà nínú kóòtù òtútù tí ìbátan wọn kan fi ránṣẹ́ láti Ìkòyí. Kóòtù náà nípọn bí tìmùtìmù, ó balẹ̀ dé ojúgun. Òórùn káfúrà tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin agboolé ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Apòògùn Skọ́tílándì!" ni Àlímọ̀t wí. "Òógùn á ti pa ọ́ kí òtútù tó rí ọ!"

Ganiat fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n káfúrà gbà á lọ́fun. Ó húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àdíját, àbúrò Àlímọ̀t, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ń wò. Láti ìgbà tí bàbá Ganiat ti kú ni Àlájì Rájí, bàbá Àdíját, ti ń tọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ yìí. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jọ jókòó ṣe ìdánwò kan náà ni. Síbẹ̀ Ganiat ni ìjọba fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1975 yẹn, láti lọ kọ́ ìmọ̀ oògùn ní yunifásítì kan ní Skọ́tílándì, lókè òkun. Àdíját ò yege nínú ìṣirò. Kò sì fẹ́ rántí pé nígbà tí Ganiat ń yanjú ìṣirò, sinimá ni òun wà. Ojoojúmọ́ ni ó ń ka orúkọ Ganiat lára àpòòwé ìjọba náà, bí ẹni ń fi èékánná họ egbò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pàdé Ìyá Mọ̀núrù níbi ẹ̀rọ omi. Obìnrin yìí a máa kiri abọ́ tánganran láti ilé dé ilé.

"Ọmọ yín tó ń lọ sókè òkun ńkọ́? Ọjọ́ wo ló ń lọ?"

"Bí ikọ́ bá gbà fún un ni, mà."

"Ikọ́ bí i ti báwo?"

Àdíját wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ ṣáà má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jáde."

"Lá ìláhà! Ikọ́ ẹ̀gbẹ!" Ìyá Mọ̀núrù rọra gbé korobá rẹ̀ jìnnà sí ti Àdíját. Àdíját kò fiyè sí i.

Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, ọ̀rọ̀ ti ká Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn obìnrin tí wọ́n fọwọ́ pa kóòtù ya kọ́ọ̀pù Ganiat sọ́tọ̀.

"Kí ni mo ṣe fún wọn?" ni Ganiat bi Àdíját.

Àdíját ń já ẹ̀fọ́, kò gbójú sókè. "Bóyá ojú rẹ ló rí i bẹ́ẹ̀." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ganiat máa ya fọ́tò àyà tí wọ́n ń béèrè kí ìjọba tó fi akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sókè òkun. Inú Àdíját dùn. Jẹ́ kí ẹ̀rù ba Ganiat náà díẹ̀!

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àgbà mẹ́ta wá láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, láti ilé Jíbrílù, àfẹ́sọ́nà Àlímọ̀t. Yìgì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn ò fọwọ́ kan omi tí a gbé fún wọn.

"Àlájì, ẹ má bínú sí wa," ni ẹni tó dàgbà jù wí. "Ẹnìkan kì í fẹ́yàwó láìṣe ìwádìí. A gbọ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nínú ìdílé yìí."

Àlájì Rájí na ìwé àbájáde fọ́tò náà sí i. "Àyà Ganiat mọ́, dókítà ló kọ ọ́ síbí! Bí kò bá tilẹ̀ mọ́, àìsàn ni, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Oògùn rẹ̀ sì wà. Kí ló kan Àlímọ̀t níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin àti bàbá Ganiat kọ́ lẹ jọ mu ọmú kan náà? Ẹ̀jẹ̀ kan ni, Àlájì."

Àdíját gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Òun tó rò pé orúkọ Ganiat nìkan ni òun ń bà jẹ́! Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀ gbì.

"Irọ́ ni, ẹ̀yin bàbá! Èmi ni mo pa á. Ìlara ni mo ń ṣe sí Ganiat!"

Àgbà náà wò ó tàánú-tàánú. "Ọmọ dáadáa. Ó fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là. Àmọ́ irú ẹjọ́ báyìí ni gbogbo ilé tí wọ́n bá sọ pé àìsàn wà máa ń rò." Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Àlímọ̀t, tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, fà á sẹ́yìn. Ó kàn ń wo àbúrò rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí Ganiat ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, Àdíját di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti gbọ́, Àdíját," ni Ganiat wí. "Ṣùgbọ́n èmi ń lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń gbé ibí."

Ní ọjọ́ kan náà, Àdíját bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan tí Ìyá Mọ̀núrù máa ń kiri dé. Ẹjọ́ kan náà ló ń rò níbi gbogbo: "Èmi ni mo parọ́." Ilé mẹ́tàdínlógún ló dé kí oòrùn tó wọ̀, ilé méjì péré ló gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi sọ́kàn: ìlara kò yege ìdánwò rí fún ẹnikẹ́ni. Irọ́ tí a bá pa mọ́ ọmọ ilé ẹni, ilé ẹni ni í padà wá sùn; bí a bá sì tilẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀, kò di dandan kí ó jáde.