Orúkọ Tí Raushan Kò Kọ Sára Táyà

Raushan ti ki irin bọ abẹ́ etí táyà, ó ń fi gbogbo agbára apá rẹ̀ yọ ọ́, nígbà tí òjìji ọkùnrin kan bò ó. Oṣù kẹwàá ni. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ ní ìlú Karkaraly láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ sì ti tò dé ojú títì, nítorí kò sẹ́ni tó múra sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá ńkọ́?"

"Obìnrin tẹ́ ẹ ń wò yìí lọ̀gá. Ẹ tò sẹ́yìn."

Ọkùnrin náà tò. Ó tò fún wákàtí mẹ́ta, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì fun fèrè ọkọ̀. Ìyẹn ni Raushan fi kíyè sí i. Nurtas lorúkọ rẹ̀, dókítà ẹran tó ń lọ láti abúlé dé abúlé.

Raushan de táyà òtútù, èyí tí kì í yọ̀ lórí yìnyín, mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó fọ táyà ooru tó yọ, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ Nurtas sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tó ti yọ ọ́: iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí bàbá rẹ̀ tó fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún un ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Táyà tí kò lórúkọ kì í wọ àká rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní gbàgbé wọn?"

"Títí di oṣù kẹrin, ọmọ mi ni wọ́n."

Lọ́sẹ̀ kejì, Nurtas tún dé. "Mo wá kí àwọn táyà mi."

"Ara wọn le. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín."

Ó lọ, ó tún padà. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi ń kí táyà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, Raushan ti ń retí ìró ọkọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ sì máa ń dùn bó bá gbọ́ ọ.

"Raushan, ọ̀wọ́n mi, àwáwí ti tán lẹ́nu mi. Ìwọ ni mò ń wá wò. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ilé ìyá tí kò fẹ́ mi. Lọ bi í."

Batima, ìyá Nurtas, jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Èsì rẹ̀ kò gùn: "Ọwọ́ dúdú yẹn ni yóò máa bu tíì fún àlejò mi? Rárá."

Raushan wo ọwọ́ rẹ̀. Dúdú táyà kì í kúrò lábẹ́ èékánná. Ó sunkún díẹ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní àárín oṣù kẹrin, Batima fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ dé. Táyà ooru wà nínú búùtù.

"Èmi ni ìyá Nurtas. Yọ táyà òtútù yìí, kí o bá mi tọ́jú wọn."

Raushan tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò lè yọ wọ́n lónìí. Àlejò Márùn-ún ò tíì kọjá."

Arìnrìn-àjò márùn-ún kan ló gbéra láyé àtijọ́ nígbà tí oòrùn ràn, tí wọ́n rò pé òtútù ti parí. Yìnyín pa wọ́n sọ́nà. Lọ́dọọdún ni òtútù máa ń padà wá lórúkọ wọn, fún ọjọ́ díẹ̀.

"Wo oòrùn," ni Batima wí. "Gbogbo ìlú ló ti pààrọ̀ táyà."

"Kì í ṣe lọ́wọ́ mi, Màmá."

"Èmi tí mo kọ́ ìlú yìí níwèé, ìwọ fẹ́ kọ́ mi lójú ọjọ́? O ò tíì wọ ilé mi, o ti ń pàṣẹ!"

 Raushan mọ ohun tí òun fẹ́ pàdánù. Bó bá yọ táyà yẹn, bóyá ojú obìnrin yìí á rọ̀.

"Màmá, ó sàn kẹ́ ẹ wà láàyè kẹ́ ẹ máa kórìíra mi."

Batima pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgà, ó sì lọ tòun ti táyà òtútù rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò kàn ṣe ohun tí màmá mi fẹ́?" ni Nurtas bi í lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Bó o bá ń tọ́jú màlúù, ṣé ohun tí olówó rẹ̀ fẹ́ lo máa ń ṣe?"

Nurtas rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú àwọn méjèèjì kò dùn.

Lọ́jọ́ kejì, Batima wọ ọ̀nà abúlé, afẹ́fẹ́ sì yí padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni yìnyín fi bọ́. Nurtas pe Raushan lórí fóònù: "Màmá ti délé láyọ̀. Ó ní ọkọ̀ mọ́kànlá lòun kà nínú kòtò. Kò sọ nǹkan mìíràn."

Oṣù kẹrin ku ọjọ́ méjì kó parí nígbà tí Batima padà wá, Nurtas jókòó ti í.

"Ṣé Àlejò Márùn-ún ti kọjá?"

"Wọ́n ti kọjá, Màmá."

"Yọ táyà òtútù mi nígbà náà."

Batima jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ ìdánwò. Raushan pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọn atẹ́gùn wọn. Ó yọ òkúta kéékèèké kúrò lára táyà òtútù, ó fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n gbẹ. Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ. Orúkọ mìíràn ló máa ń sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: *Olùkọ́ Wa*.

Batima wọ awò ojú, ó kà á. "Orúkọ mi kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹnu mi ò gbà á láti pè é. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, màá nù ún, kí n kọ tiyín bí mo ṣe ń kọ ti gbogbo oníbàárà."

  Batima mú aṣọ kékeré kan tí wọ́n dì jáde nínú àpò rẹ̀, ó tú u. Yẹtí fàdákà méjì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ìyá ọkọ fi ń gba ìyàwó.

"Fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Wá síbí. Má fọwọ́ kàn án, wàá bà á jẹ́." Ó fúnra rẹ̀ fi yẹtí sí i létí. "Ọwọ́ rẹ dúdú lóòótọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọlọ́wọ́ funfun ló pààrọ̀ táyà fún aládùúgbò mi. Inú kòtò la ti fà á jáde. Lọ ṣan ọwọ́. Tíì ò ní bu ara rẹ̀."

Raushan to táyà mẹ́rin náà sínú àká lóòró. Ó ṣan ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn. Nurtas ti fẹ́ wọ iwájú ọkọ̀.

"Bọ́ sẹ́yìn," ni ìyá rẹ̀ wí.

Raushan jókòó síwájú, wọ́n sì lọ.