Nọ́ńbà Funfun ní Ìsàlẹ̀ Òsì

Mo fi Ọba tó mọ iye ewé tó ń jábọ́ nínú igbó búra, n kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún èyí. Ẹnu tí mo fi ń ké Kùránì ni mo fi ń sọ ọ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, ilé náà ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ó kù díẹ̀ kéèyàn dé mọ́ṣáláṣí kékeré tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Kó lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kó má ka ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Waliyat ni ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Báyọ́lọ́jì ló ń kà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin tó ti di ọdún mẹ́fà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ jẹ ọdún kan. Kọ́ọ̀sì kan tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ jẹ ìkejì. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, àwọn kan ti bímọ. Ohun tó kù láàárín òun àti ìwé ẹ̀rí kò ju iṣẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo lọ: kó wá iye ọmọńlé tó ń gbé nínú ilé kan. Agbo ilé wọn náà ló mú.

Èèyàn ò lè mú gbogbo ọmọńlé ilé tán. Nítorí náà, yóò mú ìwọ̀nba tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, yóò kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́yìn, yóò sì dá wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, yóò tún mú òmíràn. Èyí tó bá ti ní nọ́ńbà tẹ́lẹ̀, yóò fa ìlà kékeré kan sábẹ́ nọ́ńbà náà, kó lè hàn pé a ti mú un lẹ́ẹ̀mejì. Yóò sì tún dá a sílẹ̀. Nínú èyí ni wọ́n ti ń ṣírò iye gbogbo wọn.

Kútẹ́ẹ̀sì funfun ló fi ń kọ ọ́. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni kálámù rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kọ́ ọ pé kó máa fi igi kékeré dábùú 7, kó má baà jọ 1. Nínú kíláàsì wọn, òun nìkan ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, ó mú ogójì, ó kọ 1 títí dé 40 sí wọn lẹ́yìn.

Nojeem, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ránṣọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣínì. "Wọ́n ní dókítà lo fẹ́ dà. A ò mọ̀ pé dókítà ọmọńlé ni."

"Bọ̀dá Nojeem, ẹ jẹ́ n ráyè."

"Bó o bá dé ti ẹyọ kan tí ìrù rẹ̀ gé, bá mi kí i. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Waliyat rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkẹyìn tó rín nídìí iṣẹ́ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ó tún gbé àtùpà dé ìdí ògiri. Ó mú èkíní. Ó yí i wò. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni 44.

Ogójì ló kọ. Kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó mú òmíràn. 41. Ó mú òmíràn. 47. Wọ́n fi igi kékeré dábùú 7 náà.

Ó ya fọ́tò wọn.

Láàárọ̀ Fúráìdè, ó gbé fóònù, ìwé iṣẹ́ àti fọ́ọ̀mù rẹ̀ tọ Dókítà Japheth lọ, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀.

"Waliyat, ogójì lo kọ nọ́ńbà sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí wá ni 41? Kí ni 47?"

"N ò mọ̀, sà. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Dókítà sún fóònù náà mọ́jú. "Ta ló ń dábùú 7 báyìí?"

Ó ṣí ìwé Waliyat, ó fi ìka kan 7 tó wà níbẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ ni. Bóyá o kọ ọ́ tó o gbàgbé, bóyá o sùn sórí bẹ́ẹ̀dì o sì fi orí ara rẹ hùmọ̀ rẹ̀. Èwo ni ká mú?"

"Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀, sà."

"Ó dáa. Àwọn ọmọńlé ló ń kọ ara wọn." Ó ti ìwé náà padà sí i. "Lọ tún un ṣe. Kì í ṣe Mọ́ńdè yìí, Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Bí n kò bá rí i, ó di ọdún tó ń bọ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ gan-an kò pé. Èèyàn mélòó ló ń gbé inú ilé náà? Báírò ni kó o fi kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ti pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀, wọn kì í gbà á lókè, wọn ò sì ní fún ọ ní òmíràn."

Ó wọkọ̀ padà sí Bẹẹrẹ. Ó ń bínú sí ọ̀gá. Ó ń bínú sí ọmọńlé. Ó ń bínú sí ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa fẹsẹ̀ rìn dé Ìsàlẹ̀ Òsì, omijé ti gbẹ mọ́ ọn lójú.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Kúlúsúmù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é.

"Ìyá Àgbà, èèyàn mélòó la jẹ́ nínú ilé yìí?"

"A pọ̀."

"Mélòó?"

"A pọ̀, a dúpẹ́."

"Ilé ìwé ló ń bèèrè, Ìyá Àgbà."

"Ṣé ilé ìwé bímọ sílé yìí ni? Adìẹ là ń kà, ká lè mọ̀ bí àṣá bá gbé ọ̀kan. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Waliyá. Ohun tí a bá kà sókè, ẹlòmíràn lè máa gbọ́."

Àṣà àwọn baba wa ni. Èmi gan-an ti dúró ṣe wáàsí níwájú àwọn èèyàn rí, mo ní asán ni. N kò ní sọ ọ́ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá fún Mọ̀gàríbì. Waliyat kò bá wọn kírun, ó ń ṣe nǹkan oṣù. Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ lẹ́yìn wọn, fọ́ọ̀mù lórí itan. Ó wo ẹ̀yìn wọn. Wọ́n tò, wọn ò mira.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìyá Àgbà tí wọ́n ń kírun lórí àga létí ẹní. Oókan. Ó ń ka ẹ̀yìn lọ, títí tó fi kan Nojeem tó ṣe lèmọ́mù níwájú. Ẹẹ́rìndínlógún.

Ó fi báírò kọ 16 sínú àlàfo náà.

Àwọn ọmọńlé tó ń ké lára ògiri dákẹ́. Ó rò pé adìẹ ló dẹ́rù bà wọ́n.

Láàárọ̀ Sátidé, ó ń fi òrí pa ọrùn fún Ìyá Àgbà. Ó gbé ìborùn wọn sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Nọ́ńbà kan wà ní ìpàkọ́ wọn. Funfun. Kékeré. 1.

"Ìyá Àgbà, ta ló fi kútẹ́ẹ̀sì kùn yín lọ́rùn?"

"Èmi, arúgbó. Kútẹ́ẹ̀sì ṣe kí ni?"

Ó fi òrí nù ún. Kò lọ. Ó fi ọṣẹ bó o. Kò lọ. Ó lọ wo báàgì rẹ̀. Ìgò kútẹ́ẹ̀sì wà níbi tó fi í sí, ìdérí rẹ̀ le pinpin.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nojeem tẹ̀ sórí máṣínì. Waliyat gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀.

16.

"Kí lò ń wò lọ́rùn mi? Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn náà ni?"

Ó padà sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ó jẹ́wọ́ pé òun ka gbogbo wọn sínú fọ́ọ̀mù. Ìyá Àgbà fọwọ́ kan ìpàkọ́ wọn.

"Pa á rẹ́."

"Bí mo bá pa á rẹ́, wọn ò ní gbà á. Ọdún kan míì ni, Ìyá Àgbà. Ọdún mẹ́fà rèé."

"Mo gbọ́. Pa á rẹ́."

"Ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀ fún wọn ná. Mọ́ńdè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Ìyá Àgbà yí ojú sí ibòmíràn. Wọ́n ń ka tẹ̀súbáà wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò kọjá hóró kan náà.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Waliyat tún mú ọmọńlé. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bà. Méjìlá ní nọ́ńbà, kò sì sí èyí tó ju ogójì lọ nínú wọn. Kò rí 41. Kò rí 44. Kò rí 47. Ó ṣírò rẹ̀, ó bọ́ sí i. Ó fi fọ́ọ̀mù sínú fáìlì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ọjọ́ kejì ni Fúráìdè. Ó pé ọjọ́ méje tó ka èèyàn.

Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá nígbà náà, ó bá wọn kírun Mọ̀gàríbì. Ó gbé ìrẹsì kaná kó tó ṣe àlùwàlá. Omi kún un dẹ́nu. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin yòókù. Wọ́n tẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n forí kanlẹ̀ ní ráká ìkẹyìn.

Ilẹ̀ tutù níwájú orí rẹ̀. Ó ń retí ohùn Nojeem. Kò gbọ́ ọ. Kò gbọ́ ọmọńlé. Kò gbọ́ ọkọ̀ láti ọ̀nà Mápó. Kò gbọ́ èémí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Nojeem ní Alláhù Akbar. Gbogbo wọn dìde jókòó, wọ́n parí ìrun.

Òórùn jíjóná gba àgbàlá kan. Láti mọ́ṣáláṣí kékeré, ladáànì ń pe ìrun.

"Ìrun wo nìyẹn?" obìnrin kan bèèrè.

"Ìṣáì," Nojeem sọ. Ó fọwọ́ nu ojú. "Báwo ni yóò ṣe jẹ́ Ìṣáì? Ṣé wákàtí kan ti kọjá ni?"

Ìrẹsì ti di èédú nínú ìkòkò. Iná ti kú fúnra rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí nǹkan kan ṣe. Orí gbogbo wọn pé. Àwọn ọmọdé ń bèèrè oúnjẹ. Waliyat dìde lọ bá Ìyá Àgbà lórí àga, ó gbé ìborùn wọn sókè, ó tan fóònù sí i.

Wọ́n ti fa ìlà kékeré kan sábẹ́ 1 náà.

Ó wọ yàrá lọ, ó fa fọ́ọ̀mù yọ nínú fáìlì. Ó fi báírò gé 16 náà, ó tún un gé, títí ìwé fi ya. Ọdún kan míì lọ báyẹn, lójú ara rẹ̀. Ó gbé ìwé yíya náà jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà.

"Mo ti pa á rẹ́."

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ dé ìpàkọ́ rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀.

"Waliyá, gbé iná yẹn wá. Kí ló wà lọ́rùn ìwọ náà?"

"Kò lè sí nǹkan níbẹ̀, Ìyá Àgbà. N kò ka ara mi."

Ìyá Àgbà ò mọ ìwé. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ń fi ọmọ ìka tọ ipa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Igi kan ló dúró. Igi kejì tẹ̀ lórí, ó dúró tì í. Wọ́n wá fi igi kékeré dábùú èyí tó tẹ̀ náà láàárín."

Waliyat fi ìka kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: 17.

"Ìlà kan sì wà nísàlẹ̀ àwọn méjèèjì," Ìyá Àgbà sọ.

Ẹ̀ka wọn ṣì ń retí fọ́ọ̀mù náà. Waliyat kò tíì padà lọ sílé ìwé. Bí ó bá bá yín pàdé ní Bẹẹrẹ, kò ní bèèrè nǹkan lọ́wọ́ yín, àfi pé kí ẹ jọ̀wọ́ bá òun wo ọrùn òun, bóyá ìlà kan ṣì ni.